Ọjọ́ tí Àwa Ìyá Àgbà Méjèèjì Mú Àwọn Ọmọ Rẹ Lọ sí Mùsíọ́mù

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni tó sọ mí di ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ ọ yẹn ńkọ́, ṣé inú rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀? Mo mọ̀ pé inú ìwé la wà, o ò lè dá mi lóhùn kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kí ènìyàn tí kò dúró gbọ́ èsì kò kí i rárá, nítorí náà mo fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ níhìn-ín kí o lè dáhùn.

Ó dáa, mo ti gbọ́. A dúpẹ́. Bí ìyẹ̀fun ṣe ń wú lábẹ́ aṣọ, tí ẹnikẹ́ni kò rí ọwọ́ tó ń gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yóò máa gbé ọ ga, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò ní mọ ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Àmín.

Àwa náà wà lálàáfíà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, pàápàá nígbà tí mo bá ní kí wọ́n bá mi gbé àpò ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ wọn bá ti pè wọ́n síta báyìí, orúnkún náà a gbàgbé pé ara òun ò yá. Ààrò búrẹ́dì mi là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bíríkìlà ti wá lẹ̀ ẹ́, ó ní n kò gbọdọ̀ dáná sí i títí yóò fi gbẹ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ráyè jókòó kọ ìwé tó gùn tó báyìí sí ọ. Àwọn ọmọ rẹ wà nínú àgbàlá, ara wọn le, wọ́n ń jẹun bí ẹni pé ẹ kì í fún wọn lóúnjẹ lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé gègé gan-an rèé. O rántí pé ìyàwó rẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé kí n mú àwọn ọmọ lọ sí Mùsíọ́mù nínú ìsinmi yìí, pé Mùsíọ́mù fẹ́ràn ọmọdé gan-an, pé tẹbí-tọ̀rẹ́ ló máa ń gbádùn ara wọn níbẹ̀. Èmi rò pé orúkọ ènìyàn ni. Mo ní, irú ọkùnrin rere wo lèyí, tó ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ? A kì í lọ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo bá po ìyẹ̀fun, n kò ṣahun bọ́tà sí i, mo yan búrẹ́dì ńlá kan fún un tí orí rẹ̀ ń dán bíi bàtà ọlọ́pàá. Kí ààrò tó là nìyẹn o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó ni pé ìyàwó rẹ ní kí èmi àti ìyá òun jọ mú wọn lọ. Ta ni kò mọ ohun tó wà láàárín àwa méjèèjì? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ rẹ obìnrin, Ata-wẹ́wẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ èmi àti Tíṣà, ìyá ìyàwó rẹ, kò kọjá ẹ káàárọ̀, ó dàárọ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Bí mo bá fi aṣọ wé ọmọ pé òtútù ń mú un, tí mo bá yíjú pẹ́nrẹ́n, Tíṣà á tú u, á ní ooru ló ń mú un. Mo wé, ó tú, mo tún wé, ó tún tú, ọmọ ọwọ́ náà ń wò wá bí ẹrù tí aṣọ́bodè méjì ń yẹ̀ wò. Nígbà tó yá ó ní òun kà á nínú ìwé. Mo ní ìwé wo ló ti bímọ rí? Òun náà ní ṣé inú àpò ìyẹ̀fun ni mo ti tọ́ ọ dàgbà ni? Láti ọjọ́ náà ni oníkálukú ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin wá jókòó nílùú ńlá, ẹ ní ẹ ó fi Mùsíọ́mù parí ìjà wa, ẹ sì rò pé a ò mọ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i, bó tilẹ̀ mú fóònù dání gun igi náà.

Tíṣà pàdé wa ní ibùdókọ̀. Ó wọ bàtà funfun, ó dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ bẹ ilé ìwé wò, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ó wo súwẹ́tà tí mo wọ̀ fún Ata-wẹ́wẹ́. Ó bọ́ ọ. Nígbà tó yíjú wo ojú ọ̀nà, mo dá a padà.

Ìyàwó rẹ ti fi obìnrin kan sínú fóònù Tíṣà tó mọ gbogbo ọ̀nà ìlú. Obìnrin náà ní kí a yà sí ọ̀tún. Tíṣà ní òun mọ ìlú yìí kí wọ́n tó bí i, òsì ni. A yà sí òsì, ló bá di ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, omi ọṣẹ kún gbogbo bàtà funfun. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ta ọ̀rọ̀ mi nù bẹ́ẹ̀, mo ti padà sílé mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò bínú, kò pòṣé, ó bá wa wá ọ̀nà mìíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kíkankíkan, kí Tíṣà lè gbọ́. Ọmọ mi, n kò ní kí o fi ìyàwó rẹ wé ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n bí o bá mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ obìnrin yẹn, jọ̀ọ́ bá mi kí ìyá rẹ̀.

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn gíláàsì là sí méjì. Mo ní ẹ ṣeun o, ẹ kú ilé o, n kò rí ẹni tó ṣí i. Ọmọ rẹ ọkùnrin, èyí tí mo sọ ní Lọ́yà nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fèsì sí, ní ilẹ̀kùn náà ló ní ojú tó fi ń rí wa. Mo ní tó bá ní ojú, ó yẹ kó ní ẹnu tí yóò fi dá wa lóhùn.

Ẹ̀ṣọ́ onírùngbọ̀n kan wà nínú ilé. Mo sọ fún un pé kó bá wa pe Bàbá Mùsíọ́mù, kó sọ fún wọn pé a mú búrẹ́dì wá. Ọkùnrin náà wúkọ́, ó tún wúkọ́. Ó ní ilé náà kò ní bàbá kankan, pé gbogbo wa la ni ín. Mo ní bó bá jẹ́ pé gbogbo wa la ni ín, kí ló dé tí wọ́n ń gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ onílé? Ó gba àpò mi, ó ní wọn kì í gbé oúnjẹ wọ inú lọ́hùn-ún, ó sì fún mi ní nọ́ńbà kan pé kí n fi gbà á padà. Mo bi í bóyá wọ́n máa gbé àpò mi náà sínú gíláàsì. Ó ní ó dìgbà tó bá gbó sí i.

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì la ti rí ìṣòro. Ó bi wá bóyá ẹbí kan ni wá, pé tíkẹ́ẹ̀tì ẹbí wà, owó rẹ̀ kéré. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni òun bi wá. Mo wo Tíṣà. Tíṣà wo òkè àjà. Ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba ló bi mí, n kò lè purọ́ fún un. Lọ́yà ló bọ́ síwájú, ó ní ẹbí kan ni àwọn, ṣùgbọ́n àwọn màmá àgbà méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀, ṣé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀dínwó náà? Ọmọbìnrin náà ní irú wọn gan-an ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹbí jù. Ó lu òǹtẹ̀ búlúù mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́, a wọlé.

Wọ́n gbé nǹkan kan kọ́ mi létí, ni ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní kí n súnmọ́ tòsí. Mo sọ fún un pé mo lọ́kọ nílé. Kò kà á sí, ó ń bá ọ̀rọ̀ ìkòkò àtijọ́ tó wà níwájú mi lọ. Mo rí àtùpà, mo rí rédíò tó tóbi tó àpótí aṣọ, mo wá rí áyọ́ọ̀nù eléèédú, irú èyí tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá a. Wọ́n tan iná sí i lórí, wọ́n fi gíláàsì bò ó, ẹ̀ṣọ́ dúró tì í. Ọmọ mi, ojú tì mí. Ọjọ́ tí mo padà dé ni mo ti gbé ti wa kúrò nílẹ̀. Orí tábìlì ló wà báyìí, mo sì ti sọ fún bàbá rẹ pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn a dé ibi tí wọ́n kọ́ ilé àtijọ́ kan sí nínú ilé, pẹ̀lú ibùsùn, pẹ̀lú tábìlì ìjẹun, ìyá arúgbó kan sì jókòó sórí àga, ó da aṣọ olówùú bo ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò dáhùn. Mo ní bóyá etí rẹ̀ ti di, mo gbóhùn sókè, mo bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo èrò yíjú wò mí. Tíṣà ló sọ ọ́ sí mi létí pé ère ni, ẹ dìde. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ látàárọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́ o, mo rí i pé òun náà ti tẹ orúnkún díẹ̀ kó tó mọ̀.

Níwájú ibẹ̀ ni yàrá àwọn ọmọdé wà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n fọwọ́ kan ohun gbogbo. Ọmọ mi, ṣé ó yẹ kí wọ́n kọ irú rẹ̀ kí àwọn ọmọ tìrẹ kà á? Wọ́n ya wọ inú ibẹ̀ bí omi. Wọ́n dé fìlà àwọn awakọ̀ ojú irin, wọ́n wọn ìyanrìn lórí òṣùwọ̀n, wọ́n fi igi gbígbẹ́ tẹ lẹ́tà sórí bébà. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá náà sì ń fẹ́. Mo wọ súwẹ́tà fún Ata-wẹ́wẹ́. Tíṣà bọ́ ọ. Mo wọ̀ ọ́. Ó bọ́ ọ, ó ní ọmọ ń làágùn. Mo ní èmi ni mo ń làágùn nítorí yín. A wọ̀ ọ́, a bọ́ ọ títí inú fi bí wa, Tíṣà lọ dúró ti Lọ́yà nídìí lẹ́tà, èmi lọ dúró nídìí ilé ìtajà kékeré kan tí wọ́n to agolo tí a fi ń yan búrẹ́dì sí, mo ṣe bí ẹni tó ń wò wọ́n.

Nígbà tí mo yíjú padà, Ata-wẹ́wẹ́ kò sí níbẹ̀.

Mo rò pé ó wà lọ́dọ̀ Tíṣà. Tíṣà rò pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. A wò lábẹ́ tábìlì, a wò lẹ́yìn aṣọ títa, a wò nínú ọkọ̀ ojú irin onígi. Mo pè é, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ́. Mo ń rò ó pé ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ọ.

Ẹ̀ṣọ́ onírùngbọ̀n sáré dé, ó ní ká fara balẹ̀, pé òun máa kéde rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí a ṣáà sọ bó ṣe rí. A sọ ọ́. Ó ní aṣọ wo ló wọ̀? Mo ní ó wọ súwẹ́tà pupa. Tíṣà ní kò wọ súwẹ́tà. Mo ní mo wọ̀ ọ́ fún un. Ó ní òun bọ́ ọ. Mo ní mo tún dá a padà. Ẹ̀ṣọ́ náà gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó ń wo èmi, ó ń wo òun, ó ní ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó wà lọ́rùn rẹ̀ ni àbí kò sí? Ọmọ mi, ìgbà yẹn la wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú àwa méjèèjì. A ti wọ̀ ọ́, a ti bọ́ ọ, a ò wo ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Tíṣà, tí gbogbo ilé ìwé máa ń pa lọ́lọ́ bó bá yọ, la ẹnu, ohùn kò jáde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ẹ má dá a lóhùn, ẹ jẹ́ ká lọ. Mo fi ọwọ́ kejì di Lọ́yà mú, a ń lọ láti yàrá dé yàrá, mo ń ké orúkọ ọmọ náà fún àwa méjèèjì, ọkùnrin inú etí mi sì ń ròyìn àtùpà fún mi títí mo fi fà á yọ.

Ìgbà tí a padà dé ilé àtijọ́ yẹn, èrò ti pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò. Bàbá kan ń ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé, ṣé o rí i, báyìí ni àwọn ọmọ ayé ọjọ́un ṣe máa ń sùn, wọ́n ṣe é dáadáa, bí ẹni pé ó ń mí. Mo fi èjìká ya ọ̀nà. Ata-wẹ́wẹ́ ni! Ó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá ère yẹn, ó fa aṣọ olówùú bora dé àgbọ̀n, ó lanu sílẹ̀, ó sùn fọnfọn. Ẹ̀ṣọ́ onírùngbọ̀n ní òun ti kọjá níwájú rẹ̀ nígbà tí òun ń wá a, òun tilẹ̀ ní iṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ ère yìí dára.

Mo gbé e. Tíṣà gbé e. A ò mọ ẹni tó gbé e nínú wa. Nígbà tó lajú, a bi í pé kí ló dé tó fi wá síbẹ̀. Ó wo ìyá ère náà, ó wò wá. Ó ní màmá yìí máa ń jẹ́ kí ènìyàn sinmi.

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì kò rẹ́rìn-ín. Súwẹ́tà náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo gbé e fún Tíṣà pé kó ṣe bó ṣe rí i sí. Tíṣà dá a padà fún mi, ó ní bó bá ṣe wù yín. Bí a ṣe ń ti ara wa, ọmọ gbà á, ó fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́ lódì-lódì, inú rẹ̀ wà lóde. Kò sí ẹni tó tún un ṣe nínú wa, a mú un wọkọ̀ padà sílé bẹ́ẹ̀ ni.

Kí a tó kúrò, mo gba àpò mi padà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, àwọn ọmọ ń lé ẹyẹlé. Mo yọ búrẹ́dì síta, nígbà tó jẹ́ pé a ò rí ẹni fún. Tíṣà jẹ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi. Ó ní nígbà tí òun bí ìyàwó rẹ, ìyá òun ti kú, kò sí ẹni tó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọwọ́, pé ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ ni òun ti lọ yá ìwé, òun á gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òun ti ń wẹ ọmọ, òun á máa fi ọwọ́ tó lómi ṣí i. Ó ní ìwé yẹn ni òun fi ṣe ìyá.

Mo gé búrẹ́dì sí i fún un, mo gé e níbi orí tó ń dán.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ owó. A ò dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé náà, wọ́n sì ní egungun ẹja kan wà níbẹ̀ tó gùn ju ilé wa lọ. Èmi àti Tíṣà ti fi àdéhùn sí i pé a máa padà lọ wò ó, àwa méjì péré, a ò mú ọmọ kankan dání, ká lè ráyè wo nǹkan. Nítorí náà fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, àti owó bàtà mi, torí pé gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń yọ̀. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sórí fóònù bíi ti ìjọsí. O ní o ti fi í síbẹ̀, mo gbọn fóònù náà títí, mo dojú rẹ̀ dé orí ibùsùn, kọ́bọ̀ kan kò jábọ́. Fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà wa kó bá mi mú un wá. Ọ̀sẹ̀ tí a bá fẹ́ lọ, ẹ má kó ọmọ wá o, ọwọ́ wa máa dí.

Tíṣà ló jókòó tì mí báyìí, àná ló dé. Ó ti ka ìwé yìí. Ó ní gbólóhùn mi gùn jù, kí n fi àmì ìdánudúró sí i. Mo bi í pé níbo? Ó ní níbi gbogbo. Mo ní kó lọ kọ tirẹ̀. Bàbá rẹ ti gbé àga wọn lọ síta, wọ́n ní ìgbà tí àwa méjèèjì ń bára wa jà, ènìyàn a máa rí oorun sùn nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n láti àná, ẹ̀rín wa kò jẹ́ kí àwọn gbádùn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé. O ò ní wá ọmọ rẹ tì, àwọn ọmọ rẹ náà ò ní wá ọ tì. Ilé tí ẹ̀ ń gbé kò ní dá wáí. Tíṣà ṣe àmín, ó ní kí n fi kún un pé kí ẹ máa fún àwọn ọmọ náà lómi mu dáadáa. Mo fi kún un.

Èmi ni ìyá rẹ tòótọ́,
Màmá Oníbúrẹ́dì